Aṣọ Tí Viliame Rà

Mi ò jẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sè nínú ìsun omi gbígbóná mọ́. Ní Savusavu níbí, lórí erékùṣù wa, ẹni tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ á rò pé orí mi ti dàrú, torí ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ń se oúnjẹ láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa. A ó gbé ìkòkò sínú ihò tó ń hó láàárín òkúta, a ó fi àpò ìrẹsì bò ó, a ó jókòó sórí koríko, a ó máa sọ̀rọ̀ àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó bá ẹ̀gẹ́ àwọn èèyàn hó pọ̀ níbẹ̀ fún ọ̀sán mẹ́ta. Èmi ni mo di ẹnu àpò rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù aṣọ Taraivini wà ní òpópónà ẹ̀bá òkun, láàárín ilé búrẹ́dì àti ibi tí wọ́n ti ń ta ìṣó. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Nígbà tí òkun gbé Viliame ọkọ mi lọ, tí wọn ò bá nǹkan kan nínú ọkọ̀ rẹ̀ àyàfi ìgò omi tó mu dé ìdajì, Taraivini ló fún mi ní àga lẹ́bàá fèrèsé, tó ní kí n máa ṣe etí aṣọ àti ojú bọ́tìnnì. Àwọn obìnrin míṣọ́ọ̀nù ló kọ́ mi ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Kókó kan wà tí wọ́n fi ń parí etí aṣọ, kò ju hóró iyanrìn lọ: òwú á yí po lẹ́ẹ̀mẹta, a ó fi ahọ́n rin ín, a ó fi eyín gé e. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ kókó yẹn lọ́wọ́ mi. Sereima ni, ọmọ Taraivini, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, tó ń bá ìyá rẹ̀ rán aṣọ.

Ẹlòmíràn tí mo gbìyànjú láti kọ́ ni Kelera. Ó bá wa jókòó oṣù méje. Apá aṣọ tó bá rán kì í dúró, kókó mi sì ń tú mọ́ ọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan ó dìde, ó ní abẹ́rẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ èèyàn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò tó oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà tí ojú rẹ̀ fi wà nínú fóònù gbogbo obìnrin ìlú. Jaba ló ń tà, bùbá gígùn lórí yẹ̀rì tó dé kókósẹ̀, èyí tí à ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Á dúró níwájú fóònù nínú yàrá rẹ̀ lórí òkè, á na aṣọ, á ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ọwọ́ ara mi ni mo fi rán an o. Ẹ tètè tẹ̀ ẹ́ kó tó tán."

Kì í ṣe pé àwọn oníbàárà ò wá sọ́dọ̀ wa mọ́. Wọ́n ń wá, ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Sunila, ìyàwó onítakisí, wọlé ní ọjọ́ Ẹtì kan, ó fọwọ́ pa aṣọ márùn-ún, ó ní kí n wọn òun. Mo wọ̀n ọ́n. Ó kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú fóònù.

"Èwo ni ká gé nínú wọn?" Taraivini bi í.

"Ẹ má tíì gé nǹkan kan, Àǹtí. Kelera ló ní kí n lọ wọn ara mi wá."

"Ibí ti wá di ibi tí Kelera ti ń wọn èèyàn."

"Ẹ má bínú. Tiẹ̀ fi dọ́là méjìdínlógún dín sí tiyín, wọ́n á tún gbé e wá bá mi nílé. Ẹ̀yin náà ẹ bọ́ sórí fóònù, ẹ yéé jókòó bí ère."

"Ẹnu ọ̀nà nìyẹn," ni Taraivini wí. Kò gbé ohùn sókè.

Tẹ́lẹ̀, Kérésìmesì máa ń bọ́ wa dé Ọjọ́ Àjíǹde, aṣọ ilé ìwé á gbé wa dé ìgbà àpéjọ ìjọ. A mọ bí ọdún ṣe ń rìn, bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé òjò ti fẹ́ dé. Ní ọdún yẹn a ò mọ nǹkan kan mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan á mú aṣọ mẹ́fà wá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á kọjá lórí bọ́tìnnì kan. Taraivini dá owó oṣù Sereima dúró. "Ọmọ mi ni," ó ní, "á yé e." Sereima ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láràárọ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ sì le bí páànù. Mo bi í léèrè. Ó ní aṣọ kúáyà lòun ń rán nílé. Mo gbà á gbọ́, torí ó rọ̀ mí lọ́rùn láti gbà á gbọ́.

Nínú oṣù kọkànlá, onílé wá jókòó, ó mu tíì, ó sì fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ ọ́: bí owó ilé ò bá pé kí Kérésìmesì tó dé, òun á gbé ṣọ́ọ̀bù náà fún ẹlòmíràn. Ọdún méjìlélógún ni Taraivini ti wà níbẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni a bá nǹkan náà. Mo gbé ẹní ẹnu ọ̀nà kí n lè gbá abẹ́ rẹ̀. Ìdì ewé kékeré kan ni, tí wọ́n fi òwú pupa dì. Orí ọmọńlé wà nínú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là, òróró dúdú kan sì ti yọ́ jáde, ó ń rùn bí ọgbẹ́ tí wọ́n dì tí wọn ò tú. Èèrà tò yí i ká, àmọ́ ìkankan wọn ò sún mọ́ ọn.

Taraivini wò ó títí. "Kelera," ó ní.

"Ẹ jẹ́ ká gbé e fún pásítọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Pásítọ̀ ti ra méjì lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyàwó ẹ̀."

*

Kelera fúnra rẹ̀ ló sọ tiẹ̀ fún mi nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí. Ó ń jẹ ẹja bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń tu egungun sí àtẹ́lẹwọ́.

Ó ní obìnrin kan lójú ọ̀nà Labasa ló fún òun ní òróró nínú ìgò oògùn ikọ́. Kí ó tó tajà, á fi ìka kan pa á sára gíláàsì fóònù, kí aṣọ lè máa fa ojú àwọn tó bá rí i bí oúnjẹ ṣe ń fa ojú ẹni tébi ń pa. Obìnrin yẹn náà ló fún un ní ìdì tó fi sábẹ́ ẹní wa. Ó ní òórùn òróró náà kì í lọ. Ó fọ ọwọ́ títí, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ nù ún, síbẹ̀ ó wà nínú oúnjẹ rẹ̀, ó wà lórí ìrọ̀rí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó jí, ó rí i pé òun ń lá ìka náà.

"O ò dáwọ́ dúró?" mo bi í.

"Àǹtí Mili, ogún aṣọ ni mo ta lọ́jọ́ yẹn."

Kò rán ìkankan nínú wọn. Àwọn tó kọ́kọ́ tà, òkè òkun ni wọ́n ti ń dì wọ́n wá nínú ìdì ńlá tí à ń pè ní bélì, títí tí ẹ̀yìn aṣọ obìnrin kan fi ya nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó tẹ̀ síwájú láti fi ọrẹ sílẹ̀. Láti ìgbà náà, àwòṣe nìkan ni Kelera ń jí wò ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ó ti wá ọwọ́ kan tó ń bá a rán wọn ní bòńkẹ́lẹ́. Á gba aṣọ lọ́wọ́ onítọ̀hún, á lọ̀ ọ́, á wọ́n lọ́fíńdà sí i, á ká a, á sì sọ fún fóònù pé ọwọ́ ara òun ni.

*

Èmi àti Taraivini wọ bọ́ọ̀sì ní ọ̀sán Sátidé, nínú òjò. Èmi ni mo gbé gbòǹgbò yaqona tí a fẹ́ fi wọlé sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí Taraivini ní ó lè bá wa mú Kelera. Apenisa lorúkọ rẹ̀. Ó ń gbé nínú ahéré tí wọ́n ti ń fi iná gbẹ àgbọn láyé àtijọ́, kọjá ibi tí ọ̀dà ojú títì parí sí. Kò sí ẹni tó gbẹ àgbọn níbẹ̀ fún ogún ọdún, ṣùgbọ́n òróró tó ti bàjẹ́ ṣì ń yọ lára igi ilé náà bí òógùn.

Ó ń mu yaqona nígbà tí a dé. Òun nìkan ni.

Nílùú wa, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A máa ń gún gbòǹgbò náà sínú omi, a ó jókòó yí abọ́ ká, ẹnì kan á mu, àwọn yòókù á pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tí ẹ bá rí tó jókòó tì í lóun nìkan, tó ń da igbá àkọ́kọ́ sílẹ̀ kó tó mu, ẹ má rò pé òun nìkan ló jókòó.

Mo ti ń retí arúgbó. Ọkùnrin tó sanra ni, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun, fóònù tó dára ju tiwa lọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń gba iná. Ó tutọ́ sínú agolo. Itọ́ náà fà gígùn, kò já, ó sì fi ìka gé e.

"Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́," ó ní. "Àwọn tí mò ń rán kò mọ àròsọ."

Taraivini ti ronú sí i nínú bọ́ọ̀sì. "Aṣọ tí Kelera ń tà, ọwọ́ tó ń rán an ni mo fẹ́ kó hó. Kó hó títí kò fi ní lè mú abẹ́rẹ́."

"Ẹ mú nǹkan tí òógùn ọwọ́ náà wà lára rẹ̀ wá."

"Níbo ni màá ti rí i? Kì í jẹ́ kí n sún mọ́ ilé òun."

Apenisa rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń gbọ̀n. "Láyé bàbá mi, a máa ń ba sẹ́yìn ilé èèyàn fún ọ̀sẹ̀ kan nítorí irun orí mẹ́ta. Ẹ̀yin, wọ́n ń tà á fún yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, wọ́n á gbé e wá bá yín pẹ̀lú rìsíìtì."

Lẹ́yìn náà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ má ṣí i. Ẹ má wò ó. Ọwọ́ tó rán an ni kó jẹ́ ọwọ́ ìkẹyìn lára rẹ̀. Ẹ fi ewé tí màá fún yín wé e, ẹ dì í sínú àpò, ẹ gbé e sí ibi tí gbogbo ìlú ti ń sè, ní ọ̀sán, fún ọjọ́ mẹ́ta. Kí oúnjẹ àwọn èèyàn yí i ká. Bí wọ́n bá ṣe ń jẹ ni yóò ṣe máa mú."

Ó gbé igbá, ó mu ún. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, síbẹ̀ mo gbọ́ àtẹ́wọ́ mẹ́ta. Ó lè jẹ́ òjò lórí páànù.

Nínú bọ́ọ̀sì, Taraivini na fóònù rẹ̀ sí mi. "Kelera ò ní tajà fún orúkọ mi tàbí tìrẹ. Mo ti wá èyí tó máa gbà, tí ẹ̀rù kò sì ní jẹ́ kó fọwọ́ kan aṣọ rẹ̀."

Orúkọ Viliame ló wà níbẹ̀. Àwòrán rẹ̀ wà lórí rẹ̀, láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa. Taraivini ti gé mi kúrò nínú àwòrán náà, àmọ́ kò gé e tán. Èjìká mi kan ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo tirẹ̀."

"Àbúrò mi ni kó tó di ọkọ ẹ. Kò ní bínú. Àbí o fẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ ni?"

Mo wo ojú fèrèsé. Mo dá fóònù náà padà fún un.

*

Kelera ń jẹ ìrẹsì nígbà tí orúkọ náà wọlé. Ó ní fóònù bọ́ sínú abọ́.

Ó mọ̀ pé Viliame ti kú. Ó wá sí ìsìn ìrántí rẹ̀, ó jẹ, ó di ẹran lọ sílé. Ó wo ojú ọkùnrin náà nínú fóònù títí. Ó kọ̀wé sí i: "Ta nìyí?" Kò sí ìdáhùn. Jaba pupa kan ni ó yàn, ìwọ̀n àárín, owó rẹ̀ sì ti wọlé.

"O ò dá owó náà padà?" mo bi í.

Ó tu egungun ẹja sílẹ̀. "Owó tó ti wọlé, Àǹtí?"

Ohun tó ṣe ni pé kò fọwọ́ kan aṣọ náà. Ó ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bá a rán aṣọ pé kó rán pupa kan, kó ká a, kó wé e sínú bébà kó tó gbé e wá. Kò lọ̀ ọ́, kò wọ́n lọ́fíńdà sí i. Ó fi fọ́ọ̀kì tẹ bébà tí orúkọ Viliame wà lórí rẹ̀ sábẹ́ okùn, ó sì sọ fún onítakisí pé kó yára gbé e kúrò lójú òun.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé ṣọ́ọ̀bù ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, níbi tí Taraivini ní kí wọ́n fi í sí, èmi ni mo lọ gbà á. Onítakisí wo orúkọ náà, ó wò mí.

"Kì í ṣe ọkọ yín nìyí, Àǹtí?"

"Òun ni," mo ní. Mo gbé e mọ́ àyà bí mo ṣe ń padà bọ̀. Ojú tì mí pé mo gbé e bẹ́ẹ̀.

*

Ọ̀sán àkọ́kọ́, àwọn obìnrin mẹ́rin wà níbi ìsun omi. A fi ìkòkò ẹ̀gẹ́ sórí àpò náà kí wọ́n má baà mọ̀. Èéfín omi náà máa ń rùn díẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ yẹn òórùn mìíràn wà nínú rẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń sè tó ń rùn bí irin yìí?" ọ̀kan nínú wọn bèèrè.

"Ẹja àná ni," Taraivini dá a lóhùn.

"Ẹja àná àbí tèṣí? Bí ẹ bá pa wá, ẹ̀yin lẹ máa rán aṣọ ìsìnkú wa o."

"Màá rán an lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìwọ, kí n sáà ti rí i pé o dákẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo rí i tí aró pupa ń yọ láti abẹ́ ìkòkò wa, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹ̀jẹ̀ inú omi tí wọ́n fi fọ ẹran. Ó ń yí láàárín òkúta, ó ń wọ abẹ́ ìkòkò àwọn ẹlòmíràn. Obìnrin yẹn ṣí tiẹ̀, ó fún wa ní ẹ̀gẹ́ lórí ewé. Etí ẹ̀gẹ́ náà ti pọ́n. Gbogbo wọn ń jẹ, wọ́n ń wò mí. Bí mi ò bá jẹ ẹ́, wọ́n á bi mí ìdí rẹ̀. Mo jẹ ẹ́.

Lálẹ́, Sereima ní àtẹ́lẹwọ́ òun ń ta òun bí ẹni tó di ìkòkò gbígbóná mú.

Ọ̀sán kejì, sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, mo yára fà á kúrò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní ibà ẹ̀fọn ni, pé àkókò òjò ló fà á, ibùsùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tán.

"O gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ," Taraivini wí. "Ẹ̀fọn ni." Ó sì gbé ìkòkò lọ sí ìsun omi.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Sunila sáré wọ ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ ti gbọ́? Péèjì tí Kelera fi ń tajà lórí fóònù ti pòórá. Gbogbo rẹ̀ pátá. Ó ń sunkún lójú títì. Owó mi wà lọ́wọ́ ẹ̀ o."

Taraivini jókòó sórí àga. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ yọ láti imú rẹ̀, ó wá dé ẹnu. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, obìnrin mẹ́rin wá gba ìwọ̀n, wọ́n sì fi owó sílẹ̀. Ó ń gé aṣọ, ó ń kọrin ìsìn. Ọmọ rẹ̀ wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn ní ìsọdá òpópónà, ìyá ń gé aṣọ. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń ti sísọ́ọ̀sì síwájú.

"Ọjọ́ mẹ́ta ti pé," ó ní, kò gbójú sókè. "Lọ da nǹkan yẹn sínú òkun."

*

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí mo gbé àpò náà dé etí òkun, lẹ́yìn èbúté. Apenisa ní kí a má wò ó. Àmọ́ orúkọ ọkọ mi ti wà lórí rẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sin pósí òfìfo rí, ẹ ó mọ ìdí tí mo fi ṣí i. Ewé náà ti di ẹrẹ̀. Aṣọ náà rọ̀ bí awọ ara. Mo tẹ́ ẹ sórí òkúta, ìka mi ń rìn lára etí rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ó ṣe mọ́ ọn lára, títí tó fi kan kókó kan.

Kò ju hóró iyanrìn lọ. Mo kà á: òwú yí po lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n fi eyín gé e.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ilé ìwòsàn. Ètè Sereima ti bó. Ó rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi.

"Àǹtí Mili, ẹ má sọ fún màmá."

"Ìwọ lò ń rán gbogbo rẹ̀?"

"Kelera ń san owó fún mi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wà nínú agolo bisikíìtì lábẹ́ ibùsùn mi." Ó mí bí ẹni tó ń gun òkè. "Ó kù díẹ̀ kó tó owó ilé. Mo fẹ́ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo rò pé bí mo bá fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò ní bi mí níbi tó ti wá."

Mo gbé aṣọ náà lọ bá Taraivini. Mo fi kókó náà sábẹ́ ìka rẹ̀.

"Kelera náà jókòó lọ́dọ̀ wa," ó ní. "Ó lè ti kọ́ ọ."

"Kò kọ́ ọ, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ mọ̀ pé kò lè kọ́ ọ."

Ó gbé aṣọ náà sí imú. Ìyá mọ òórùn ọmọ rẹ̀, kódà nínú ìyẹn. Ó jókòó sílẹ̀ lórí ìgé aṣọ àwọn obìnrin mẹ́rin náà, ó sì bì.

*

"Ohun tí ẹ ní kí n ṣe ni mo ṣe," ni Apenisa wí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ń gé èékánná. "Ọwọ́ tó ń rán an, ẹ ní kó hó."

"Ẹ dá a dúró. Ẹ jọ̀ọ́, bàbá."

"Kì í ṣe èmi ló ń dá a dúró. Ẹni tí ẹ fọkàn sí ni. Kí ẹ̀yin méjèèjì mu nínú igbá kan, kó fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá fi agídí mú un, ẹ lọ máa wá ibi tí ẹ máa sin ọmọ yín sí." Ó na ọwọ́ fún owó rẹ̀. Èékánná rẹ̀ mẹ́ta lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ náà.

Taraivini gbé ẹní mẹ́rin tí ìyá rẹ̀ hun, èyí tí a ò tíì jókòó lé rí, ó gbé yaqona, ó sì gun òkè lọ sí ilé Kelera, èmi náà tẹ̀ lé e. Ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níwájú ilé. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Kelera dúró lẹ́nu ọ̀nà, irun rẹ̀ ò rí òyà. Lẹ́yìn rẹ̀, ìdì aṣọ àwìn ló kún yàrá dé òrùlé.

"Ẹ̀yin lẹ pa péèjì mi?"

"Mi ò mọ̀. Ó lè jẹ́ èmi."

"Mo ti kọ̀wé títí sí àwọn tó ni ìkànnì náà. Kò sẹ́ni tó ń dáhùn. Kò sí ilẹ̀kùn tí mo lè lọ kàn. Ẹni tó wín mi ní aṣọ ti pè mí lẹ́ẹ̀mọ́kànlá láàárọ̀ yìí." Ó nu imú. "Mo ti mọ̀ pé orúkọ òkú yẹn ò dára. Kí lẹ máa fún mi?"

"Ẹní mẹ́rin nìyí."

"Ẹní," Kelera ní. Ó fi ẹsẹ̀ tì í díẹ̀. "Mo fẹ́ ilẹ̀kùn, Àǹtí. Mo fẹ́ ibi tí kò lè pòórá kí n tó jí. Ẹ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú àwọn maṣíìnì."

"Sereima ló ń bá ọ ṣiṣẹ́," mo ní. "Ó ń kú lọ."

"Mo gbọ́, Àǹtí Mili. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ̀ pé wọ́n máa fún mi."

Taraivini tú kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn. Ọdún méjìlélógún ló ti wà níbẹ̀. Àmì rẹ̀ wà lára awọ rẹ̀. Ó gbé e sórí ẹní.

A po yaqona náà nínú báàfù ìfọṣọ, torí Kelera ò ní abọ́. Taraivini mu ìdajì, ó sì na igbá. Kelera fi àtẹ́lẹwọ́ tó ń rùn yẹn gbà á, ó mu ún tán. Mo pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, torí ẹnì kan gbọ́dọ̀ pàtẹ́wọ́.

*

Ibà náà lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Nọ́ọ̀sì ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, á gbóná, á gbóná, á sì já. Awọ ìka Sereima bó gbogbo rẹ̀ bí awọ kókò sísè. Òmíràn hù, àmọ́ kò mọ nǹkan kan lára mọ́. Èèyàn lè fi abẹ́rẹ́ gún un, kò ní mọ̀ títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ. Owó inú agolo bisikíìtì rẹ̀ ni ìyá àti ọmọ ń jẹ.

Kelera bá onílé ṣe àdéhùn owó ilé, ó sì fi agolo àwọ̀ kan kun ṣọ́ọ̀bù náà. Ohun tó wà nínú bélì ló ń tà. Àwọn obìnrin ń wọlé, wọ́n ń fọwọ́ pa aṣọ, wọ́n ń gba ìwọ̀n, wọ́n á sì jáde, torí ọmọdébìnrin kan wà ní Suva báyìí lórí fóònù tí tiẹ̀ dín sí ti Kelera. Ó pè mí padà sí àga mi. Mo lọ. Ibòmíràn wo ni mo ní tí mo fẹ́ lọ?

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ó gbé fóònù wá bá mi lẹ́bàá fèrèsé. Ó ti ní péèjì tuntun.

"Àǹtí Mili, ẹ̀yin ni? Ẹ sọ òótọ́."

Viliame ló tún fẹ́ ra aṣọ. Taraivini ti pa orúkọ náà rẹ́ lójú èmi àti Sereima, ó sì ti ta fóònù rẹ̀. Ojú ọkọ mi wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èjìká mi kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́. Jaba funfun ló ní kí wọ́n rán. Ó kọ ìwọ̀n rẹ̀ sísàlẹ̀. Mo kà á. Àyà mi, ìbàdí mi, gígùn ẹsẹ̀ mi. Ó ní kí wọ́n fi ìka kan rẹ èjìká òsì sílẹ̀. Èjìká mi òsì rẹlẹ̀ láti ìgbà ọmọdé, teèpù kì í mú un; ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń fọwọ́ rẹ̀ wọ̀n ọ́n.

"Owó rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti wọlé."

Kelera ò ní dá a padà. Bí mi ò bá sì rán an, inú bélì ló máa ti fa èyíkéyìí yọ. Mo ní kó gbé aṣọ funfun náà wá. Ọjọ́ méjì ni mo fi rán an. Mo rẹ èjìká òsì sílẹ̀ bó ṣe wí. Nígbà tí mo dé etí aṣọ, mo yí òwú po lẹ́ẹ̀mẹta.

Sísọ́ọ̀sì ni mo fi gé e. Mi ò fi ẹnu kàn án.